Ìṣaasùn Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Nínú ilé ìdáná ìyá mi ní Ìjemọ̀, ilẹ̀ kì í yára ṣú nírọ̀lẹ́. Oòrùn á gba ojú fèrèsé kékeré wọlé, á rọra kan àmù omi tó wà ní igun, á kan ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ọdún, á wá gúnlẹ̀ sára ìṣaasùn dúdú kan lórí pẹpẹ. Ní kékeré, mo máa ń rò pé oorun ni àwọn ìkòkò náà ń sùn. Mi ò tíì gbà pé irọ́ ni.

Aláró ni ìyá mi. Ìkòkò aró wọn wà lẹ́yìnkùlé, kò sì gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná láé. Ìṣaasùn ní tirẹ̀, ọbẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìyá wọn ló rà á lọ́wọ́ amọ̀kòkò kí wọ́n tó bí mi, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti se gbogbo ọbẹ̀ tí mo jẹ dàgbà.

Lọ́dún tó kọjá, ibà wó ìyá mi mọ́lẹ̀. Ibà lọ tán, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò mọ adùn mọ́, kò mọ ìkorò.

"Bí omi lásán ni gbogbo ẹ̀ ń ṣe mí lẹ́nu," wọ́n á ní, wọ́n á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n ń rù lójú mi. Mo kó ẹrù mi wá láti Ìtòrì, mo ń fi ìkòkò ìgbàlódé mi, èyí tí oúnjẹ kì í jóná mọ́ ọn nídìí, se oríṣiríṣi. Wọn ò jẹ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ kan ni mo rántí ìṣaasùn. Láti ìgbà tí a ti ra sítóòfù gáàsì, kò sẹ́ni tó lò ó mọ́. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dúdú kirikiri. Èmi àti ìdọ̀tí kì í rẹ́. Ọkọ mi ní bí mo bá rí òjìji ara mi, màá fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo da ọṣẹ olómi sínú rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sílẹ̀ títí, mo wá fi kànrìnkànrìn onírin bó o, tí amọ̀ pupa fi yọjú. Orin ni mò ń kọ.

Mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i, pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ. Mo ro láfún. Mo kúnlẹ̀ gbé e fún wọn.

"Ìṣaasùn ìyá yín ni mo fi sè é, mà. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n fi òkèlè kan sẹ́nu, wọ́n di ojú. Lójijì, ojú wọn fún pọ̀, wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ọṣẹ! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọṣẹ lo fi fọ ìkòkò amọ̀? Omi gbígbóná la fi ń fọ̀ ọ́! Ohun tí amọ̀ bá mu, ó ń bọ̀ wá bì í jáde lórí iná. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Iyọ̀ gan-an ti pọ̀ jù!"

Ó yẹ kí ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ni mo ń sun.

"Kí ni mo sọ tó ò ń sunkún sí?"

"Ẹ ní iyọ̀ pọ̀ jù, mà."

Wọ́n ti ìka bọ ọbẹ̀ náà, wọ́n lá a.

"Iyọ̀," wọ́n ní, jẹ́jẹ́.

Mo na ọwọ́ láti gbé abọ́ náà kúrò kí n lọ da ọbẹ̀ ọlọ́ṣẹ nù. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀ fún mi ná."