Èmi Ni Orúnkún Ìyá Àgbà

“Méètì, dúró o! Mo máa sọ̀ kalẹ̀ nídìí ìkòkò kẹ́ńkẹ́!”

Bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń ké láràárọ̀ nìyẹn, tí gbogbo àgbàlá á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni méètì, ìyẹn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní trotro. Àga wọn ni ọkọ̀. Ọ̀gá wẹ́dà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu géètì ló ṣe àga náà fún wọn. Ó gbé àga onírin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán wá láti Agbogbloshie, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn irin àlòkù, ó sì jó táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé mọ́ ọn nídìí. Táyà mẹ́ta dọ́gba, ìkẹrin kéré. Nítorí náà àga ọ̀hún máa ń fì sí òsì, á sì máa dún kìì-kọ̀, kìì-kọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Bí mo bá ti ń tì í, màá máa pariwo bí àwọn méètì tí à ń gbọ́ ohùn wọn láti ibùdókọ̀ Tudu ní Accra, lẹ́yìn ògiri wa: “Aflao, Aflao, ó ku ẹnì kan!” Ìyá Àgbà á na ọwọ́ sókè, wọ́n á ní ẹnì kan náà ti wọlé, kí dírẹ́bà máa lọ. Èéfín igi, òórùn kẹ́ńkẹ́ tó ń hó nínú èèpo àgbàdo, àti èéfín ọkọ̀ tó ń fò wá láti Tudu, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ wa nímú.

Rọpárọsẹ̀ ló gba ẹsẹ̀ wọn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ìyá Àgbà ní irọ́ ni, pé ṣe ni ẹsẹ̀ òsì àwọn joyè. Bàálẹ̀ ni wọ́n sọ ẹsẹ̀ náà. “Ṣé ẹ rí Bàálẹ̀ yìí? Kì í dìde fún ẹnikẹ́ni.” Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ ló ń wẹ̀ fún wọn. Ará Gà, ọmọ onílẹ̀ Accra, ni, òun ló ni ilé, ó sì ti bá wa gbé pẹ́ débi pé ó gbọ́ Yorùbá ju èmi tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Bó bá ń gbé Ìyá Àgbà lọ sí balùwẹ̀, á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, á máa pè wọ́n ní Alátà, orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe àwa Yorùbá. “Ao, Alátà yìí! Kẹ́ńkẹ́ mi lo ń jẹ tó o fi wúwo tó báyìí!” Ìyá Àgbà á ní kó rọra, wọn kì í fi ìwàǹwára gbé Bàálẹ̀. Láti inú balùwẹ̀ ni a ó ti máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúnkún kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé, tó bá rí àgbà, ilẹ̀ ló ń lọ. Lọ́jọ́ tí bàbá arúgbó kan láti mọ́ṣáláṣí kọ́kọ́ wá bẹ̀ wọ́n wò, Ìyá Àgbà fẹ́ yọ́ kúrò lórí àga kí wọ́n lè kúnlẹ̀ kí i. Bàálẹ̀ kọ̀. Wọ́n di apá àga mú, ojú wọn pọ́n, bàbá náà sì ń sọ pé “Ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.” Bí Ìyá Àgbà ṣe fà mí lọ́wọ́ nìyẹn. “Kúnlẹ̀ fún mi!” Mo kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Orúnkún mi nìyẹn. Ìta ni mo ń gbé e sí báyìí, inú ilé ti kún.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Láti ọjọ́ náà, mo di orúnkún. Àgbà kan á yọjú lẹ́nu géètì, mà á gbọ́: “Orúnkún mi dà?” Bí mo bá wà nídìí oúnjẹ, mà á sáré dé. Awọ orúnkún mi dúdú, ó yi. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń bi mí bóyá orúnkún ni àwa Ànàgó fi ń rìn. Mo dé ilé, mo fi ẹjọ́ sùn. Ìyá Àgbà ní kí n dá wọn lóhùn pé àwa kì í fi í rìn, a máa ń fi í dé ibi tí ẹsẹ̀ ò lè dé ni. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà, mo kàn lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni iṣẹ́ mi ń pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti kírun tán, fóònù Ìyá Àgbà á dún, fóònù onítẹ̀ẹ́ tí àwọn ará Accra ń pè ní yáàmù, tí ohùn rẹ̀ ga débi pé gbogbo àgbàlá ló ń gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ń pè láti Nàìjíríà. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ á ti bèèrè: “Ṣé o ti kúnlẹ̀?” Kí àìsàn tó dé, Ìyá Àgbà fúnra wọn ló máa ń kúnlẹ̀, fóònù létí. Nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n á ṣẹ́jú sí mi, èmi á lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. “Mo ti wà ní ìkúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.” Ìgbà yẹn ni àdúrà á bẹ̀rẹ̀. Àdúrà Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ gùn, ẹ gbà mí! Wọ́n á kárí àwọn alààyè, wọ́n á kárí àwọn tí a ò tíì bí, èmi á sì máa ṣe àmín lórí orúnkún tó ń ta mí.

Mo bi Ìyá Àgbà ìdí tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn méjèèjì kú nígbà tí àwọn tó jẹ́ àbúrò ṣì ń rá, pé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ni àwọn ti mọ ayé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ta wóróbo ní Accra, abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, títí ìjọba fi ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Ọkọ Ìyá Àgbà rí ìwé gbà. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ò rí. Ní Tudu níbẹ̀, láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tó kún àkúnfàya, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ké sí àbúrò wọn: “Kúnlẹ̀, kí n ṣúre fún ọ!” Èrò ń ti ara wọn, ọmọ wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, kò sí àyè ìkúnlẹ̀. Ọkọ̀ ṣí. Wọ́n sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n wọn tó ń sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. “Ẹnu ń lọ, ọkọ̀ ń lọ,” Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì gbójú kúrò lára mi.

Ojú ò kan ojú mọ́ láti ìgbà yẹn. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ilẹ̀ Gánà mọ́. Ìyá Àgbà náà, lọ́dọọdún, wọ́n á ní tí Iléyá bá ti kọjá àwọn á lọ sílé. Ọjà ò ní tíì tán, ọmọ kan á bímọ, Iléyá mìíràn á tún dé. Lẹ́yìn náà ni Bàálẹ̀ joyè.

Wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ẹ̀gbọ́n àwọn. “Tí wọ́n bá gbọ́, ìbúra á tán, wọ́n á wọkọ̀. Tí wọ́n bá sì wọkọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn yẹn, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa kú sí.” Mo ní ṣé irọ́ kọ́ ni à ń pa ní gbogbo Jímọ̀. Ìyá Àgbà fà mí létí díẹ̀. “Irọ́ bíi ti báwo? Mo ní mo ti kúnlẹ̀. Ìwọ ò kúnlẹ̀ ni? Àbí ìwọ kì í ṣe ara mi?”

Òjò kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́sàn-án ló dé láti apá òkun, kò kìlọ̀. Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ sáré lọ bo iná, àwọn yòókù ń já aṣọ lórí okùn, èmi ń kó wóróbo tó wà lórí tábìlì, nítorí abẹ́rẹ́ tí omi bá ti kàn ti bàjẹ́ nìyẹn, Ìyá Àgbà ló sì kọ́ mi. Ìgbà tí gbogbo wa dé abẹ́ òrùlé la tó rí i pé Ìyá Àgbà ò sí láàárín wa. Táyà kékeré yẹn ti há sí ẹnu gọ́tà lẹ́bàá géètì. Wọ́n jókòó sínú òjò, gèlè wọn ti lẹ̀ mọ́ ọrùn. Ọ̀gá wẹ́dà fò jáde, ó gbé wọn tàgatàga. Ìyá Àgbà nu ojú, wọ́n ní, “Ẹ bá mi na méètì yìí, ó já mi sílẹ̀ sínú omi. Kò burú, ìyá oníkẹ́ńkẹ́, o ti bọ́ lọ́wọ́ ìwẹ̀ tòní.” A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

Mo tì wọ́n wọ yàrá, mo ń fi ìró àlòkù nu irun wọn. Èjìká wọn ń gbọ̀n, mo rò pé ẹ̀rín náà ni. Ẹkún ni.

“Mo pariwo,” wọ́n ní. “Mo pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ò jẹ́ kí ẹ gbọ́.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní kí n dìde, kò sí àgbà kankan tó wọlé. Mi ò dìde. Ó dùn mí wọ egungun, títí dòní tí òjò bá ṣú, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rò nìyẹn.

Nígbà tó yá, fóònù dún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan láàárọ̀. Ìyá mi ti lọ sọ́jà ní Tema. Ọmọ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lórí ìlà. “Ẹ kú ilé, mà. Màmá ni. Ara wọn ò yá rárá. Wọ́n ní kí n pè yín, pé àwọn ò lè dúró de Jímọ̀.” A gbọ́ èémí, a gbọ́ ìró ibùsùn, ohùn kan tó ti tín-ín-rín sì jáde: “Ṣé o ti kúnlẹ̀?”

Mo ti wà nílẹ̀ lórí orúnkún. Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù.

“Dìde,” wọ́n ní. “Tòní kì í ṣe tìrẹ.” Wọ́n gbójú sókè. “Ìyá oníkẹ́ńkẹ́! Ọ̀gá wẹ́dà! Ẹ wá gbé mi sọ̀ kalẹ̀.”

Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ dé, ìyẹ̀fun rírọ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. “Sọ̀ kalẹ̀ síbo? Ṣé o fẹ́ kú ni? Nọ́ọ̀sì ní tó o bá fi lè ṣubú—”

“Mi ò ní ṣubú. Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa dì mí mú?”

Ẹnikẹ́ni ò tún jiyàn. Ọ̀gá wẹ́dà fi ìró gba abẹ́ apá wọn, ó sì dì í mú lẹ́yìn. Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ gbá wọn mú níwájú. Èmi ni mo ká Bàálẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tutù, ó wúwo, ó le, bí mo ṣe ń ká a ni Ìyá Àgbà ké “Yéè!” lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi eyín di ètè. Orúnkún wọn kan sìmẹ́ńtì, ó dún gbì. Mo gbé fóònù sí wọn létí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kúnlẹ̀.”

“Mo gbọ́,” Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ dáhùn. “Tìrẹ nìyí. Orúnkún ọmọdé ni mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó máa ń fúyẹ́.”

“Ẹ ti mọ̀?”

“Ta ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀? Mo dákẹ́ ni. Ìwọ ò fẹ́ kí n wọkọ̀, èmi náà ò fẹ́ kí ojú tì ọ́.” Wọ́n wúkọ́. “Jẹ́ kí n sọ èyí tí o ò gbọ́ ní Tudu fún ọ. Mo ní wà á dàgbà jù mí lọ. Mo ní àwọn tí yóò máa gbé ọ dìde ò ní wọ́n ọ.”

“Àmín,” Ìyá Àgbà ní. Ọ̀gá wẹ́dà tó di ìró mú lẹ́yìn wọn ṣe àmín. Ìyá oníkẹ́ńkẹ́ ṣe tirẹ̀, omi ojú ń já bọ́ sórí ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀. Èmi di Bàálẹ̀ mú, mo ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kú kí Jímọ̀ tó dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Ìyá Àgbà ní kí n gbé fóònù sórí itan àwọn, a jọ jókòó tì í, kò dún. Mo bi wọ́n bóyá kí n kúnlẹ̀. “Fún ta ni?” wọ́n ní. “Èmi ni àgbà ilé wa báyìí.” Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Àgbà náà papò dà kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó kásẹ̀ ńlẹ̀, lórí ọwọ́ ìyá oníkẹ́ńkẹ́, nígbà tó ń wẹ̀ fún wọn. Àga wọn ṣì wà lẹ́nu géètì ọ̀gá wẹ́dà fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e padà sí Agbogbloshie.

Tema ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nínú ọ́fíìsì kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyá mi ti darúgbó, ìrìn ti ń nira fún wọn, orí fóònù la ti ń ríra wa jù. Bí wọ́n bá pè, mo máa ń dìde lórí àga, mà á sì kúnlẹ̀ láàárín tábìlì méjì. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti rẹ́rìn-ín mi títí ó ti sú wọn. Ọ̀kan ní ṣé ìyá mi ń rí mi ni. Mo ní rárá, wọn ò rí mi. Ṣùgbọ́n mi kì í rọra kúnlẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó dún.