Omi Orí Òkè Inú Fọ́tò

Mo rántí ìgbà tí mo gun òkè láìkúrò ní Houston. Ìlú náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ wo ọ̀ọ́kán níbẹ̀, àfi kí ó gun afárá fíríwè. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo dé ọjà kan tí wọ́n máa ń ná lópin ọ̀sẹ̀, mo sì rí ayafọ́tò kan tó ta aṣọ kánfáàsì ńlá mọ́ òpó méjì nínú oòrùn gbangba. Wọ́n ya òkè sára aṣọ náà, yìnyín bo orí rẹ̀, adágún omi kan tó mọ́ gaara sì jókòó sáàárín òkè náà. Ayafọ́tò gbé jíìpù pupa kan síwájú rẹ̀. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà, ènìyàn á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yà á. Mo wọ gíláàsì dúdú, mo fajú ro bí ẹni tí òkè gígùn ti sú, wọ́n sì yà mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Bí mo bá kúrò ní kíláàsì, mo máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ọ́fíìsì kan ní Uptown, nínú yúnífọ́ọ̀mù tó tóbi jù mí lọ. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya wà nílé, bàbá rẹ̀ sì ní kí n kọ̀wé sí òun kí òun mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: “Èmi nìyí lẹ́nu iṣẹ́ lórí òkè ní Colorado.” Awọnlẹ̀ ni bàbá yìí, iléeṣẹ́ ìjọba PWD ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún la ọ̀nà kọjá láàárín àwọn òkè Èkìtì. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, ẹni tó mọ òkè ni mo rí parọ́ òkè fún. Èsì wọn kò gùn: “Mo rí fọ́tò. Mo fara balẹ̀ wò ó. Mo gbà fún ọ.”

Lọ́jọ́ ìdána, fọ́tò náà ni wọ́n gbé jókòó sórí àga ọkọ ìyàwó. N kò lówó ọkọ̀ òfurufú, ìwé ìgbélùú mi kò sì jẹ́ kí n lè jáde kí n tún wọlé. Àwọn àbúrò mi ló dọ̀bálẹ̀ dípò mi níwájú mọ̀lẹ́bí ìyàwó, èmi sì wà ní Uptown, mò ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí kò mọ̀ pé mò ń gbéyàwó.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó wo ọkọ̀ mi ní pápákọ̀ òfurufú. Funfun ni ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó bèèrè pé, “Jíìpù yẹn wá dà?” Mo sọ òótọ́ fún un kí a tó délé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni inú bí i.

Ó ní, “Bàbá mi kì í fẹ́ irọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn.”

Mo ní n ó kọ ọ́. Ọdún mẹ́ta kọjá, a bí ọmọbìnrin kan, n kò kọ lẹ́tà kankan.

Ojú ló gbé bàbá ìyàwó mi wá sí Houston. Àìsàn kan ń pa ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sáàárín, débi pé bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ṣe ń ríran. Ní pápákọ̀ òfurufú, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní, “Fi ìyẹn sílẹ̀ ná.” Mo rò pé nítorí àwọn òyìnbó tó ń wò wá ni. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ohun tó ti lọ nínú ojú náà kò lè padà mọ́, ìyókù náà sì ń lọ. Wọn kò sunkún. Wọ́n jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú wa, wọ́n ṣí Bíbélì wọn, wọ́n sì fa fọ́tò mi jáde láti inú rẹ̀.

Wọ́n ní, “Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi rí omi tó ń ṣàn kúrò lórí òkè. N kò tíì rí èyí tó jókòó sórí òkè rí. Kí ojú yìí tó ṣú, mú mi lọ síbi tí o ti ya fọ́tò yìí.”

Mo ní, “A ó lọ, Bàbá.” Àna mi ni wọ́n. Ta ló lè ranjú mọ́ àna rẹ̀ kí ó sọ pé ara aṣọ ni òkè òun wà?

Ìyàwó mi tì mí wọ kíṣìnnì. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́. “Ẹ lọ sọ fún wọn báyìí tí wọ́n ṣì ń ríran. Tí ojú wọn bá ti lọ tán, afọ́jú lẹ ń parọ́ fún yẹn o.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ọlọ́gbọ́n ìbá ti padà sí pálọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Agídí tèmi gba ibòmíràn lọ: bí mo bá ti sọ pé mo gun òkè, n ó gun òkè, kí irọ́ náà lè di òótọ́ kí ẹnikẹ́ni tó já mi. Mo lọ sí láíbìrì, mo ń ṣí ìwé máàpù lójú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, mò ń wá adágún tó jọ ti ara kánfáàsì yẹn. Mo rí ọ̀kan ní gúúsù Colorado, tí ọ̀nà àtijọ́ àwọn awakùsà dé ẹ̀bá rẹ̀. Ọmọ Mẹ́síkò kan tí a jọ ń ṣọ́ ilé yá mi ní jíìpù rẹ̀, ó sì mú mi lọ sí Katy láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Katy ìgbà náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí ilé kún. Oko ìrẹsì ló pọ̀ níbẹ̀. Orí ilẹ̀ tí kò ní gegele kan ṣoṣo ni mo ti ń kọ́ òkè gígùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rẹ́ mi bi mí bóyá ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ kọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. N kò wo ẹnu àáké lóòótọ́. N kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di àáké mú.

Èmi àti bàbá ìyàwó mi ló lọ; ìyàwó mi dúró ti ọmọ. Ọjọ́ méjì ni a fi wakọ̀. Ní gbogbo ibi tí a bá ti dúró ra epo, mo máa ń pinnu pé n ó jẹ́wọ́ kí táǹkì tó kún. Táǹkì á kún, a ó tún máa lọ.

Wọ́n bi mí lọ́nà pé, “Ṣé ibí yìí náà lo máa ń gbà?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Mo ń fi ojú wá àkọlé ẹ̀gbẹ́ títì bí mo ti ń sọ ọ́.

Wọ́n ní, “O mọ̀nà dáadáa,” wọ́n sì kọjú sí fèrèsé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a dé ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀dà parí, ọ̀nà di òkúta. Àpáta dúró bí ògiri lápá kan, ọ̀gbun sì la ẹnu sílẹ̀ lápá kejì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ débi pé bí mo ṣe ń mí tó, èémí kò tó mi, orí sì ń fọ́ mi. Nígbà tí a gùn ún dé ìdajì, omi yìnyín tó yọ́ ti gé ọ̀nà náà sí méjì, ibi tó gé sì jìn tó orúnkún. Mo tẹ bíréèkì. Ẹ̀rù bà mí gidi gan-an.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà. Road yìí ti bàjẹ́.”

“Ṣé bó ṣe rí nìyí nígbà tí o wá?”

Mo pa ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n sì lọ síwájú jíìpù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ojú ọ̀nà káàkiri bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọkọ̀ kì í ṣíwájú ẹsẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti gbà, a lè jẹ́ kí ọkọ̀ gbà á. Lọ kó òkúta wá. Ńlá ló ń lọ sísàlẹ̀, wẹ́wẹ́ ló ń lọ sókè.”

Mo kó òkúta títí ọwọ́ mi fi bó. Bí mo bá ti gbé e dé, wọ́n á fi ọwọ́ pa á káàkiri, wọ́n á yí i, wọ́n á sì fi í síbi tó fẹ́ jókòó sí. Ojú kò ríran tó mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbàgbé iṣẹ́. Bí mo bá jókòó láti mí, wọ́n á ní kí n dìde, pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí ibẹ̀ dí, wọ́n ní kí n wọkọ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn lọ níwájú mi, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè, mo sì ń tẹ̀ lé fìlà wọn ní ìṣísẹ̀ kan sí ìṣísẹ̀ kan. A rékọjá. Èmi tí mo ní mò ń mú wọn lọ, àwọn ni wọ́n mú mi dé òkè.

Omi náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó dákẹ́ sáàárín àpáta, ó mọ́ débi pé a ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, yìnyín sì ṣì wà ní ẹ̀bá rẹ̀ nínú oòrùn. Nítorí ihò kọ́kọ́rọ́ ojú wọn, bàbá kò lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, wọ́n ń yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, wọ́n tún padà. Ó pẹ́ gan-an tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fa fọ́tò yẹn jáde, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

“Ibo gan-an lo dúró sí?”

Òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ tí mo lè nawọ́ sí, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ ní kíṣìnnì ló ń dún létí mi, n kò sì lè gbé ọwọ́ sókè. Mo ní, “Bàbá, n kò dúró níbì kankan níbí rí. Ara aṣọ ni òkè yẹn wà. Houston ni mo ti ya fọ́tò náà.” Mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́, àyà mi kan ilẹ̀ tútù.

“Òjìji òkè inú fọ́tò yìí wà lápá òsì,” ni wọ́n wí. “Òjìji tìrẹ wà lápá ọ̀tún. Awọnlẹ̀ ni mí. Ṣé kí n gbà pé oòrùn méjì ló ń ràn ní Amẹ́ríkà ni? Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ni mo ti mọ̀.”

Mo bèèrè láti ilẹ̀ tí mo wà pé, kí ló wá dé tí wọ́n fi gbà fún mi.

“Ọmọ mi ló fẹ́ ọ, kì í ṣe èmi. Mo ní n ó dúró wò ó bóyá wàá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìdána, àwọn àbúrò rẹ dọ̀bálẹ̀, fọ́tò rẹ jókòó sórí àga, ó ń wò mí. Fọ́tò kì í dọ̀bálẹ̀. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọkọ ọmọ mi.” Wọ́n fi ọ̀pá kàn mí léjìká. “Dìde. Wá yà mí, kí o sì wo ibi tí òjìji wà.”

Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi gun odindi òkè, n kò rí i.

Kí ọdún méjì tó pé lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, ojú wọn ṣú pátápátá. Wọn kò lè kọ̀wé mọ́, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń gba ohùn wọn sí, tí wọ́n á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ sí Houston. Wọ́n á kí wa, wọ́n á ṣàdúrà fún ọmọ, lẹ́yìn náà, ní ìparí, wọ́n á ní, “Omi yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà lórí òkè?” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ìbéèrè yìí, mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ láti dáhùn pé ó wà, ẹnu mi sì kọ̀. Ibo ni mo ti mọ̀ pé ó wà? Mo tún yá jíìpù ọ̀rẹ́ mi. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ṣíwájú ọkọ̀, mo tún òkúta tó ti yẹ̀ tò, mo dé orí òkè, mo sì gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀bá omi kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń fi jẹ́jẹ́ lu òkúta. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ pé, “Ó wà, Bàbá.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́dọọdún títí wọ́n fi sùn. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́, n kò lè ṣíwọ́.

Lọ́dún yìí, dókítà ní ọkàn mi kò gbọdọ̀ lọ sí irú ibi gíga bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo jókòó síbí ní Sugar Land lẹ́bàá Houston, mo ń bínú sí ọkàn náà. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ-ọwọ́ nígbà náà, gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù tí mo rà nígbẹ̀yìn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́bọ̀. Ó ní, “Daddy, ẹ má worry, I'll go. Mo máa send picture.” Mo ní kí ó má fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn ṣíwájú ọkọ̀, àti èwo nínú òkúta ló ń lọ sísàlẹ̀.

Ó yẹ kí ó ti débẹ̀ báyìí. Mo gbé fóònù sórí tábìlì níwájú mi. Bí ó bá dún, n kò ní bèèrè ọ̀nà, n kò ní bèèrè jíìpù. Ohun kan ṣoṣo ni n ó bi í: omi yẹn ńkọ́?