Àlùwàlá Bàbá Quadri

Ẹni tó bá ń gbé Jakande ní Ìlàsàn, tó ní òun kò mọ Bàbá Quadri, irọ́ ló ń pa. Alhaji Yísà Adéníyì lorúkọ wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Bútà oníke kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọn á ṣe àlùwàlá, wọn á jókòó sí sàfù ní mọ́sáláṣí. Kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti tún gbé bútà jáde.

"Walí lèyí, àyànfẹ́ Ọlọ́run," Lémọ́mù Odùbánjọ sọ fún wa. "Wọn ò fẹ́ kí ikú bá àwọn láìní àlùwàlá."

Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ náà fi ń ra bútà tiwọn. Nígbà tí èèrà wá ń tò lọ sẹ́yìn ògiri tí bàbá máa ń gbé bútà lọ, ìyá kan ní èèrà pàápàá ń wá gba alùbáríkà. Lémọ́mù bá kéde: lọ́jọ́ Jímọ̀, a ó wé láwàní fún bàbá, wọn á di Bàbá Àdínì wa.

Sàídátù, ìyàwó wọn, nìkan ni kò bá wa yọ̀.

"Bàbá Quadri, ìtọ̀ lẹ̀ ń tọ̀. Ẹ mu omi kúlà tán, òùngbẹ ṣì ń gbẹ yín. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí yín, èèrà ń lá ìtọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà kó má di wàhálà."

"Tá a bá wé láwàní tán, Ìyá Quadri."

"Tí àìsàn yìí bá ti fọ́ ojú yín ńkọ́? Àbí láwàní lẹ máa fi ríran?"

Jímọ̀ pé. Láwàní dé ìdajì orí, bàbá fò dìde, ó di eré. Lémọ́mù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aṣọ kan ilẹ̀, òun náà di etí láwàní mú, ó tẹ̀ lé wọn. Àwa náà tẹ̀ lé Lémọ́mù, a ṣe bí iṣẹ́ walí ni, à ń ké "Allahu Akbar!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀!"

"Bàbá, a ò tíì wé e tán o!"

"Ìtọ̀ ni! Ìtọ̀ lásán ni látọjọ́ yìí! Èmi kì í ṣe walí kankan!"

Sàídátù ti dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Ó ti bàbá sínú rẹ̀, Lémọ́mù bá wọn wọ̀ ọ́, nítorí etí láwàní ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sibítù tí àwa náà tẹ̀ lé wọn dé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wò: àtọ̀gbẹ ni, ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ní wọ́n ṣì tètè dé, oògùn àti oúnjẹ tó tọ́ á kápá rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń fa ìtọ̀ lemọ́lemọ́ o. Kòkòrò lè wọ ọ̀nà ìtọ̀, nǹkan sì lè wú lábẹ́ àpò ìtọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin.

Lémọ́mù wò wá yíká. Ó rọra fi etí láwàní bo ẹnu.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ tèmi náà wò."