Páìpù Tó Yà ní Ẹ̀yìnkùlé

Ọkọ mi kò pe bíríkìlà rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pe káfíńtà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìdí tábìlì ló ń wà, ṣùgbọ́n tó bá ti délé, tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, tó wọ ṣòkòtò rẹ̀ tó ti gbó, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní dáwọ́ lé. Ilé tí à ń gbé yìí, ní ọ̀nà Ìjagun, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, bí agbára ṣe ń gbé e. Àwọn ará ibòmíì á ní nítorí owó ni, pé Ìjẹ̀bú ṣáà ni wá. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìgbéraga ni. Kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè mọ bíríkì tò ju òun lọ, bẹ́ẹ̀ ojú ògiri ń sọ nǹkan mìíràn.

Fèrèsé sítọ́ọ̀ wa kọjú sí pálọ̀, nítorí pé ibi tí pálọ̀ wà lónìí, ìta gbangba ni nígbà tó kọ́ sítọ́ọ̀. Àlejò tó bá jókòó sórí àga gígùn, àpò gààrí àti kẹ́ẹ̀gì epo ni yóò máa wò. Súwíìṣì iná ilé ìdáná wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kó tó lè tan iná. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ńkọ́? A gbọ́dọ̀ gbé e sókè díẹ̀ kó tó ṣí, àfi tí ọyẹ́ bá dé, tí yóò wá máa dá ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹni pé a ń retí àlejò. Mo ti bá wọn jà, ó ti sú mi, wọ́n sì ti mọ́ mi lára. Nígbà tí mo bá sùn sí ilé ẹlòmíì ni mo máa ń rántí pé ilẹ̀kùn kì í ṣe ohun tí a ń gbé.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Dókítà ní ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo mọ ojú ọmọ tó ń gbọ́ àti ojú ọmọ tó kàn jókòó. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ṣáá, bí a ṣe máa ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní Èkó fẹ́ kó wa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé orí òkè ni ilé rẹ̀, wọ́n fi irin dí faranda rẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju èyí tó wà nínú ìkòkò òdòdó lọ. Mo sọ fún un pé n kò lọ. A wá fẹnu kò pé tí mo bá ṣì lè tọ́jú bàbá rẹ̀, kó fi wá sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni omi kọ̀, kò wọlé mọ́.

Omi kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Mo ní láti wẹ̀ ẹ́, mo ní láti fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀, ọjọ́ mìíràn wà tí mo ń fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kànga wa jìn, orúnkún mi kò sì gba kí n máa fa omi. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò dé orí tánkì. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin wa lórí fóònù, ó mí kanlẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò bá yín jà. Tí omi ò bá tíì wọlé di Sátidé, mò ń bọ̀ wá kó yín."

Mo pe púlọ́ḿbà. Ó béèrè ibi tí páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀. Mo ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ó lọ dúró níwájú ọkọ mi, ó sì pariwo mọ́ ọn létí bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò: "Bàbá, ibo ni ẹ gbé e gbà?" Ọkọ mi wò ó, ó wo ibòmíì. Púlọ́ḿbà yí ẹ̀yìnkùlé ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ń lọ mú irinṣẹ́ wá. A kò tún fojú kàn án mọ́.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi tó ti gbó, mo so ó ní okùn ní ìbàdí, mo mú ọkọ́ àti àdá. Mo gbé ọkọ mi jókòó sórí àga oníke ní faranda ẹ̀yìn kí ojú mi lè tó o, mo sì fi ọ̀pá rẹ̀ sí i lọ́wọ́ òsì. Mo kọ́kọ́ ṣán koríko. Bí mo ṣe ń ṣán an lọ ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ògiri rin gbindin, koríko ibẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ibi yòókù ti ń pọ́n. Mo gbẹ́ ibẹ̀, mo sì bá páìpù níbi tó ti ń sun omi.

Èyí ló yà mí lẹ́nu. Kànga wà lápá ibí, tánkì wà lápá ọ̀hún, wọ́n kọjú síra wọn tààrà. Kí ni páìpù wá dé ẹ̀gbẹ́ ògiri wá ṣe? Mo gbẹ́ ẹ tẹ̀ lé e. Ó kúrò ní ìdí kànga, ó lọ tààrà díẹ̀, ó yà sí apá ògiri, ó bá ògiri rìn, ó tún yà padà wá sí ọ̀nà tánkì. Ẹ́líbò, ìyẹn ìsopọ̀ tí wọ́n fi ń yí páìpù sí ẹ̀gbẹ́, ni ọkọ mi lò ní gbogbo ibi tó ti yà, ọ̀kan nínú wọn ló sì là. Mo dúró ti ọkọ́, mo wò ó. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìlà tó tọ́ ló kúrú jù láàárín ojú ibi méjì. Ọkọ èmi gan-an ló wá mú páìpù lọ kí ògiri kó tó dé ibi tó ń lọ.

"Dádì, iṣẹ́ yín rèé o," ni mo wí fún un láti ibi tí mo wà. "Ẹ tún gbé tiyín dé."

Mo pinnu pé n kò ní tún ẹ́líbò kankan ṣe. Màá yọ gbogbo rẹ̀ dànù, màá gbẹ́ ojú ọ̀nà tààrà láti ìdí kànga dé ìdí tánkì, kí omi lè máa sáré. Páìpù wà lórí àjà sítọ́ọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kó o pamọ́. Mo na okùn láti ìhín dé ọ̀hún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ láàárín.

Ọkọ mi fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Mo rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, mo gbé ike rẹ̀ lọ bá a, kò tọ̀. Mo padà sídìí iṣẹ́. Ó tún gbá ilẹ̀. Mo ní bóyá oòrùn ni, mo wọ́ àga rẹ̀ sí abẹ́ ibòòji. Bí mo ṣe gbé ọkọ́ sókè báyìí, ọ̀pá fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ba garawa. Apá òsì ló fi jù ú, apá tí kò lè bu oúnjẹ sẹ́nu láìdà á sílẹ̀.

Inú bí mi. "Ṣé ẹ fẹ́ ká lọ sí Èkó ni? Ẹ ò lè sọ ibi tí páìpù gbà, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹni tó rí i ṣe é."

Ó ń sunkún. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀, ojú náà kò yí padà. Ó wá fi ọwọ́ òsì gbá apá rẹ̀ tó ti kú mọ́ra, ó gbé e sókè, ó fi lélẹ̀ lórí àyà, ó sì tẹrí ba lé e. Mo rò pé apá ló ń dùn ún. Mo lọ mú òróró tí mo fi ń wọ́ ọ lára, ó ti ọwọ́ mi dànù. Ó nawọ́ sí ibi tí mo ń gbẹ́. Ó tún gbé apá náà mọ́ àyà, ó sì ń mì í, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń rẹ ọmọ tuntun.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin ni mo kọ́kọ́ bí. Yàrá méjì péré la ní nígbà náà, ìyókù ilé ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ tí koríko ń hù nínú rẹ̀. Ọmọ náà kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ tó pé. Ìyá ọkọ mi wá láti Ayépé, ó fi ìró ara rẹ̀ wé e, ó gbé e jáde kúrò lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kí n má béèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ, pé ìyá kì í mọ sàréè ọmọ. Ilé mísọ̀n ni mo ti jáde, mo lè ka Bíbélì láti ẹ̀yìn wá síwájú, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kò fọwọ́ kan ti ìyẹn. N kò béèrè. Mo rí i pé ìyá ọkọ mi padà sí Ayépé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo sì rò pé ó gbé e dání.

Láti ìgbà náà, tí a bá ń lọ sí Ayépé, igbó tó wà ṣáájú ìlú ni mo máa ń wò. Mo máa ń yan ibì kan, ìdí igi báyìí. Ní ìrìn-àjò mìíràn màá tún yan ibòmíì. Ọkọ mi ló máa ń wa mọ́tò. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ ilé adìyẹ sí àárín ẹ̀yìnkùlé, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kò lè gba nǹkan. Mo gbà á gbọ́, ṣebí òun ni onímọ̀ ilé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilẹ̀ fún un níbí?" ni mo bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ sì ń rí mi tí mò ń wo igbó Ayépé."

Ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó là á, ó sì mi orí. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, ó ń gbọ́ ọ, dókítà kò purọ́.

Mo sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ náà, èyí tí n kò ní kọ síbí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó tún bí mi nínú, n kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú ibi tí mo gbẹ́. Kò jìn, n kò tíì kan nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ọwọ́ wọ́ ìyẹ̀pẹ̀ padà sínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ náà kò rọ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà mo gé ẹ́líbò tó là kúrò, mo fi tuntun sí i, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì dá páìpù padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bó ṣe wà. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, mo tan pọ́ǹpù. Omi gòkè. Mo wẹ ọkọ mi, mo wọ aṣọ fún un, mo bu ìkọ́kọrẹ́ fún un jẹ. A kò wo ojú ara wa púpọ̀.

Ọmọbìnrin wa pe ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ fún Sátidé. Mo ní omi ti wọlé.

"Mọ́mì, nǹkan míì á tún bàjẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ dá wà nínú ilé yẹn."

Mo ní a kì í ṣe àwa méjì nìkan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbí pẹ̀lú wa.

Ó béèrè pé ẹ̀gbọ́n wo. Láti ọjọ́ tí a ti bí i ni gbogbo wa ti ń pè é ní àkọ́bí.