Ohùn Ìyàwó Aláago Nínú Pálọ̀ Tuntun

Tí aago bá ń ṣàìsàn, Bàbá Aláago kì í kọ́kọ́ tú u. Á gbé e sétí, á dijú, á sì ní kí gbogbo èèyàn panu mọ́, títí kan ẹni tó ni aago. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ ibi tó ń dùn ún, bí ẹni pé òun àti aago náà jọ jẹun láàárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í yà lẹ́nu. "Etí tó ń gbọ́ ìmí aago yìí," obìnrin náà á ní, "kí ló dé tí kì í gbọ́ tí mo bá ní ẹ bá mi tilẹ̀kùn?"

Aránṣọ ni ìyàwó náà, pálọ̀ wọn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣọ oníbàárà wà lórí àga, òmíràn kọ́ sára ògiri, àjákù aṣọ kún àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ló wà nílẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ jókòó ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni. Bí obìnrin náà ti ń ránṣọ ló ń kọrin. Lọ́jọ́ kan tí kò fura, ọkọ rẹ̀ gba orin kan sínú kásẹ́ẹ̀tì. Láàárín orin náà, obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ.

Nígbà tó kú, kásẹ́ẹ̀tì yìí ni ọkọ rẹ̀ ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Á dà bíi pé ó wà nídìí máṣíìnì, tó kàn kẹ̀yìn síni.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ò fẹ́ràn ohun tó ń rí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kó òṣìṣẹ́ wá. Kí bàbá tó dé, aṣọ ti lọ, kápẹ́ẹ̀tì ti lọ. Táìlì tó ń dán bí orí apárí ló wà nílẹ̀, tábìlì onígíláàsì wà láàárín. Ẹ̀rọ orin tuntun wà ní igun yàrá, pẹ̀lú sípíkà méjì tó ga bí ọlọ́pàá; ọmọ náà ti wá a títí kó tó rí èyí tó ṣì ń gba kásẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá mi, ẹ wò ó. Ẹ lè wá mí báyìí."

Bàbá dúpẹ́. Ó dúró kí ọmọ lọ kó tó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ.

Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó já sínú tánkì omi tó ṣófo, tó ń ké sí ará ìta. Ọ̀rọ̀ kan ò tíì tán tí òmíràn fi ń gùn ún lẹ́yìn. Ìmí yẹn, ẹ̀rín yẹn, méjèèjì ti rì sínú ariwo.

Ó ránṣẹ́ pe atúnrédíòṣe. Ìyẹn yẹ ẹ̀rọ wò, ó ní, "Bàbá, ara ẹ̀rọ yìí le ju tèmi tiyín lọ." Bàbá ní kò létí, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá gbé rédíò àtijọ́ tó fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà tẹ́lẹ̀ jáde. Bákan náà ló rí.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á. Bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ, á jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì ló ń kú lọ, tàbí etí tó fi ń jẹun láti kékeré. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ ìnujú wé kásẹ́ẹ̀tì náà, ó tì í mọ́ inú àpótí. Ó wá dà bíi pé wọ́n tún sin ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí láìsí ẹni tó wá kí i.

Nígbà tó yá, Ìyá Ìbejì, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ó fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti búláńkẹ́ẹ̀tì inú ilé, òjò sì dé. Ó na okùn gba pálọ̀ kọjá, ó sá aṣọ sí i, ó da ìyókù bo tábìlì.

"Ìyá Ìbejì! Pálọ̀ ọmọ mi lo sọ di ibi ìsáṣọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bá òjò jà. Èmi kọ́ ni mo rán an."

"Táìlì olówó gọbọi!"

"Ẹ jẹ́ kó rí nǹkan wọ̀. Ìhòòhò ló wà látàárọ̀."

Ó wá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n òun. Bàbá ní kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bíbàjẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni kó tó di ìyàwó yín."

Bàbá mú kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí àpótí.

Orin bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti ń lọ sí yàrá rẹ̀ kó má baà gbọ́, ló bá dúró. Ọ̀rọ̀ ń tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí orin parí, bàbá ká gbogbo aṣọ kúrò lórí okùn, ó kó wọn jù sí yàrá, ó padà wá pàtẹ́wọ́. Ògiri pàtẹ́wọ́ padà. Ó sá wọn padà, ó tún pàtẹ́wọ́. Ògiri panu mọ́.

"Ògiri ló ń dá sí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi," ó ní. "Aṣọ tó kó sí pálọ̀ yìí ló ti ń bá a bo ògiri lẹ́nu látọjọ́ yìí."

Ọjọ́ kejì ni ọmọ dé. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó jókòó sórí táìlì.

"Bàbá mi, mo ti pín aṣọ màámi. Kò ku ẹyọ kan."

Bàbá jókòó tì í. Ó wá ní, "Kí n lè mí lo ṣe ṣe é. Èmi náà ni mi ò sọ fún ọ pé ibi tí mo ti ń mí nìyẹn."

Ọmọ náà tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo igun tábìlì tó ṣì hàn síta. Bàbá tẹ ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ọmọ yìí ti ń sá fún ohùn ìyá rẹ̀. Bó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó bú sẹ́kún. Ìyá Ìbejì nawọ́ láti pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sunkún ẹ, ọmọ mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n rọra sun ún, jẹ́ ká gbọ́ ìyá ẹ."