Ọkọ̀ Tí Bàbá Àgbà Jẹ́ Kó Rì

Ọkọ̀ náà ń rì, bàbá àgbà sì dúró nínú omi ọ̀sà tó mù ún dé itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún ní tèmi. Omi ń gba àárín pákó wọlé wọ̀ọ̀, òórùn ẹja yíyan sì ń fẹ́ wá bá wa létí omi ní Bàrígà.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ọkọ̀ onígbòkun ni ọkọ̀ náà, ìrókò pọ́ńbélé. Ọ̀gá bàbá àgbà ló kàn án fún òyìnbó kan tó máa ń fi í gbafẹ́ lórí ọ̀sà lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ iṣẹ́ ni bàbá àgbà nígbà náà, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó méje tó wà lápá òsì. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún dókítà kan. Dókítà náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí bàbá àgbà máa gbé e lọ. Ó wá pẹ́ lábẹ́ àtíbàbà wa títí ó fi gbẹ, tí mo lè ki ìka bọ àárín pákó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú àbúrò ìyá mi ọkùnrin. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká là á fún àwọn tó ń yan ẹja jàre. Igi ìdáná lásán ló kù."

"Fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin," bàbá àgbà fèsì. "Bó bá ṣì ń jò, ìwọ ni kó o là á."

Bí wọ́n ṣe tì í sómi nìyẹn, tó sì rì títí ó fi ku etí rẹ̀ nìkan. Àwọn èèyàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ẹ gbọ́n omi yẹn kúrò!" mo ké.

"Fi í sílẹ̀, ìyá mi. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Jẹ́ kó mu ún yó."

Láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, a jọ ń lọ wò ó. Bàbá àgbà á fìka tọ àárín pákó lábẹ́ omi, á mi orí. Kì í kánjú, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kẹrin, a fi ike gbọ́n omi rẹ̀, ó sì gbéra díẹ̀díẹ̀. Igi ti wú, pákó ti pàdé ara wọn. A jókòó sínú rẹ̀ di ọ̀sán, omi kankan kò wọlé. Àbúrò ìyá mi lọ gbé ìgbòkun wá.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ìyá mi kú, àwọn tó wá kí mi ní kí n nu ojú mi, kí n ṣọkàn akin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún ní àsunyó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dìde, mo wẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn.