Ohun Tí Èmi àti Ìyá Akin Rí Láti Ojú Fèrèsé ní Àpápà

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in báyìí kó parí rẹ̀, nítorí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró dè é. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló rí i, kì í ṣe pé ẹnìkan sọ fún mi. N kì í mu ọtí, n kì í sì í ṣe aríran. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè, àwọn èèyàn ń ra búrẹ́dì.

Àwọn ọdún tí nǹkan le ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà tó yóò rántí. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́, èmi àti àwọn bíi tèmi. Àwọn tí wọn kò dá dúró gan-an, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tí owó oṣù wọn ń wọlé. Gbogbo ayé wá kọjú sí Èkó. Ẹnìkan ń wá físà, ẹnìkan fẹ́ gba ẹrù ní èbúté, ẹnìkan gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi ń gba òṣìṣẹ́. Wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò sùn sí tí wọ́n bá débẹ̀. Ibẹ̀ lèmi ti rí oúnjẹ jẹ.

Alàgbà kan láti Ọ̀wọ̀ ló ní ọ́fíìsì kékeré kan lójú títì Ọba Adésidà, tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá òtẹ́ẹ̀lì tí agbára oníkálukú ká ní Èkó. Olówó, mo ní ibi tí mo ń darí rẹ̀ sí ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ amúlétutù di èèyàn bí ẹja. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀nba, Yábà ni mò ń rán an lọ. Tálákà ńkọ́? Ilé kan wà ní Àpápà tí kò jìnnà sí èbúté, ilé ilẹ̀ tí wọ́n pín sí yàrá wẹ́wẹ́. Omi kànga ni wọ́n ń lò, ibùsùn wọn le bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ilé náà mọ́ tónítóní. Ẹ gbà mí gbọ́, olówó ló máa ń bi mí bóyá n kò mọ ibi tó tún dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tálákà ni yóò bèèrè bóyá tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀.

N kì í fi ẹnu ẹlòmíràn júwe ilé fún oníbàárà. Mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ fúnra mi, kí n wò ó bóyá ìlẹ̀kùn ń tì láti inú, kí n sì wo ojú ẹni tó ń gba àlejò. Bí mo ṣe mọ Akin nìyẹn.

Akin ló ń gbálẹ̀ nílé Àpápà yẹn, òun ló ń fa omi, òun náà ló ń gbé ẹrù àlejò. Ọkùnrin gíga ni, àpá àdá sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ olóko kòkó máa ń ní. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ní láti Àkúrẹ́ ni mo ti wá. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, kò wò mí lójú.

"Ulí ńkọ́, Àǹtí?" ó ní. Bí ará Oǹdó ṣe ń pe ilé nìyẹn.

"Ilé wà o. Ṣé ọmọ Oǹdó ni ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé báàgì mi wọlé. Ọwọ́ wa kanra. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ẹni tí mo bá rán lọ síbẹ̀ ló ń padà wá yìn ín. Wọ́n ní ó máa ń sin àlejò dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ kí wọ́n má bàa jà á lólè. Wọ́n ní ara ẹnìkan kò yá, Akin ló jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnu kì í dákẹ́ lórí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn náà ṣe rìn títí tó fi dé Oǹdó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan wọ ọ́fíìsì wa. Ó wọ aṣọ tó ti ṣá, ṣùgbọ́n ó lọ̀ ọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ ni wọ́n ní ò ń rán èèyàn lọ sùn l'Ékòó?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. "Ọkùnrin tó ń gbé ẹrù nílé kan ní Àpápà, apá ibo ni àpá àgbọ̀n rẹ̀ wà?"

Mo fọwọ́ kan àgbọ̀n tèmi lápá òsì, mo fi hàn án. Ìyá náà wá jókòó, kì í ṣe lórí àga, ilẹ̀ ló jókòó sí.

Ìyá Akin ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Akin. Ó ní ọmọ náà gbọ́ pé wọ́n ń gba èèyàn sínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápà, ló bá wọ bọ́ọ̀sì láti Oǹdó. Bọ́ọ̀sì náà kò kọjá Ọ̀rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí lọ gbé e wálé, wọ́n sì sin ín. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Òbí kì í sin ọmọ. Wọ́n mú ìyá wọ yàrá, àwọn obìnrin dì í mú, àwọn ọkùnrin sì lọ ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í fi sàréè ọmọ han ìyá. Títí di ọjọ́ tó wọ ọ́fíìsì wa yẹn, wọn kò tíì fi ibi tí Akin wà hàn án.

"Wọ́n ní ó kú," ó ní. "Mo gbà. Mo sunkún tó ẹni tó gbà. Ṣùgbọ́n ojú tèmi kò rí nǹkan kan."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo wo ọwọ́ mi tó kan ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Mo ní bóyá ẹlòmíràn ni, pé àpá pọ̀ ní àgbọ̀n èèyàn. Ìyá kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n rán òun náà lọ sùn nílé yẹn.

N kò lè dá a rán lọ sí Èkó bẹ́ẹ̀. Mo bá a lọ sí Oǹdó, mo lọ rí àbúrò bàbá Akin, nítorí bàbá fúnra rẹ̀ ti kú. Bàbá àgbà ni, aṣáájú nínú ìjọ Áńgílíkà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ lé e lórí," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bó bá jẹ́ pé òun lẹ rí, akúdàáyà ni. Akúdàáyà kì í dúró de ará ilé rẹ̀. Bí ojú wọn bá ṣe mẹ́rin báyìí, ó ti lọ síwájú nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní í rí i níbẹ̀ mọ́." Ó wẹ̀yìn wò. "Ìjọ kò gba irú ọ̀rọ̀ báyìí gbọ́ o. Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́."

Ìyá Akin ti dúró lẹ́yìn wa, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin rí i tí ilẹ̀ bò ó," ó ní. "Èmi náà fẹ́ rí i. Òun kò ní í rí mi." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ ni. Wá yàrá kan fún mi tí màá ti máa wò ó, tí kò ní í mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

Kò sí oníbàárà tó rán mi nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Òtẹ́ẹ̀lì alájà méjì kan wà lódìkejì títì tó kọjú sí ilé Akin gan-an, níbi tí àwọn ọ̀gá tó ń bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ máa ń sùn. Apá Ìyá Akin kò ká a, apá èmi náà kò ká a. Mo lọ bẹ máníjà. Mo ní ìyá mi ni, pé ara rẹ̀ kò yá, pé ojúmọmọ nìkan la fẹ́ lo yàrá. Mo wọ gbogbo yàrá tó wà lókè, mo jókòó sórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, mo wo ìta bí òun yóò ṣe wò ó. Yàrá tó wà láàárín ni mo mú, nítorí kọ́tìnì rẹ̀ ki, fèrèsé rẹ̀ kò sì tóbi.

Àárọ̀ la wọbẹ̀. Mo gbé àga fún un sẹ́yìn kọ́tìnì, mo fi ìka fa etí kọ́tìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Títì ń pariwo, tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì ti pàtẹ.

Akin jáde. Ó mú ìgbálẹ̀ dání.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún ìyá. Mo ti mú aṣọ tí màá fi dí i lẹ́nu lọ́wọ́, kí Ọlọ́run forí jì mí. Kò sunkún. Ó sún àga mọ́ fèrèsé, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó ti rù," ó ní. Nígbà tó ṣe, ó tún ní, "Ta ló ń fọ aṣọ fún un?"

Bó ṣe jókòó nìyẹn títí oòrùn fi ga. Kò jẹun, kò mu omi. Tí Akin bá wọlé, ìyá yóò mí kanlẹ̀. Tó bá jáde, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún yẹn. Mo ti ń rò ó pé bí yóò ṣe máa rí nìyí, pé a ó máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé yóò máa rí ọmọ rẹ̀ báyìí títí tí òun náà yóò fi lọ.

Lọ́sàn-án ni Akin gbé garawa omi méjì jáde láti ẹ̀yìn ilé. Pátákó kan wà lórí gọ́tà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, orúnkún rẹ̀ sì gbá kọnkéré. Omi dà sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí àjèjì tí a kò rí rí bá kọsẹ̀ lójú títì, a ó ti kí i ní pẹ̀lẹ́ kí a tó wo ojú rẹ̀. Ẹnu wa kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ wa. Áńbọ̀ǹtórí ìyá.

"Pẹ̀lẹ́ o, Àkànní."

Oríkì ọmọ rẹ̀ ló pè, kò pariwo rẹ̀. Bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan náà ló ṣe sọ ọ́. Mo lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ nínú ariwo tírélà yẹn kò lè gbọ́ ọ.

Akin gbójú sókè.

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Kò sí nǹkan ẹ̀rù lójú ọkùnrin yẹn, ìbànújẹ́ ló wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ àti ìtìjú, bí ọmọ tí wọ́n rí níbi tó sá pamọ́ sí. Ó gbé garawa sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó wá dọ̀bálẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀ yẹn, àyà rẹ̀ kanlẹ̀ gbalaja, bí ọmọ Oǹdó tí wọ́n kọ́ re ṣe ń kí ìyá rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ìyá ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dìde, ó tó."

Tírélà kan kọjá láàárín wa. Nígbà tó kọjá tán, garawa méjì ló wà nílẹ̀. Akin kò sí níbẹ̀.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì ń bá ọjà wọn lọ. Onílé ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pọn omi ni, pé yóò wọlé láìpẹ́. A dúró títí ìrọ̀lẹ́. Onílé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, ó ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹkún ni ọkùnrin náà ń sun bí ẹni tó sọ ọmọ nù. Ìyá Akin ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nígbà tí à ń padà, tí ọkọ̀ wa dé Ọ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan itan mi.

"Bí mo bá pa ẹnu mọ́ ni, ṣé ìbá ṣì wà níbẹ̀?"

Mo yíjú sí fèrèsé ọkọ̀, mo sunkún títí a fi dé Oǹdó.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá bá mi. Yóò jókòó lẹ́bàá tábìlì mi, yóò bi mí pé lẹ́yìn Èkó, ìlú wo ló tún ní èbúté. Mo ní Wàrì. Mo ní Pọ́tákọ̀. Mo ní Kútọnú. Yóò ní kí n bá òun wádìí ibi tí tálákà ń sùn sí níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ òun ń wá. Mo ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò mú nǹkan kan bọ̀. Bí ìyá ṣe ń gbẹ lọ nìyẹn, ojú mi ló ṣe é, n kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ó kú ní Oǹdó, lójú oorun. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo dúró létí sàréè, mo rí i tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, mo gbọ́ ìró yẹ̀pẹ̀ lórí pósí. Mo sọ ìyẹn kó lè yé yín.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin aláṣọ kan láti Àkúrẹ́ ti Kútọnú dé. Ó wá sí ọ́fíìsì láti dúpẹ́. Ó ní ibi tí mo rán òun lọ ti kún, pé òun bá ara òun nílé kan tó dínwó létí òkun, ọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ ló ń gba àlejò níbẹ̀. Ó ní òun kò jẹ ilá àsèpọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn odi.

"Ṣùgbọ́n ohun kan yà mí lẹ́nu," ó ní. "Bí mo ṣe ní láti Àkúrẹ́ ni mo ti wá, ìyá yẹn wọ yàrá lọ, kò jáde mọ́ títí mo fi kúrò. Ọmọ rẹ̀ ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dárúkọ àwọn nílé." Ó rẹ́rìn-ín. "Àfàìmọ̀ kí wọ́n má jẹ gbèsè. Dúró, kí n sọ orúkọ ilé náà fún ọ, ó máa wúlò fún àwọn oníbàárà rẹ."

Mo ní kó má sọ ọ́.

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. N kò bèèrè bóyá àpá wà ní àgbọ̀n ọkùnrin náà. Títí di òní, ó wù mí kí n lọ, ó wù mí débi tí mo ti di ẹrù mi tí mo sì tún tú u. Ṣé àwọn ni? N kò mọ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rìnrìn àjò, mo bẹ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá dé ìlú èbúté kankan, tẹ́ ẹ bá bá ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin níbi tí tálákà ń sùn sí, ẹ jẹ oúnjẹ wọn, ẹ sanwó, ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ má bi wọ́n ní agbo ilé wọn. Bẹ́ ẹ bá sì padà dé apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ má sọ pé ẹ rí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà pọ̀.